Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Gbé Mì

Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, gbogbo ẹni tó wá kí wa ní Nyanya lẹ́bàá Abuja ló ń sọ ohun kan náà: pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò purọ́, Bàbá jẹ́jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, mo sì mọ ohun tí ìwà jẹ́jẹ́ yẹn dá sílẹ̀. Kí àwọn ẹbí tó fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, mo fẹ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Mi ò ní dárúkọ àgọ́ náà, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì ń gbé ibẹ̀. Mo sì ti pa orúkọ wọn dà.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n Maidúgùrí ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn. Abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà, àwọn abọ́ olódòdó tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń rà fún ìyàwó tuntun. Bàbá ń sọ Haúsá bí ọmọ bíbí ibẹ̀. Wọ́n tún gbọ́ Kànúrí dáadáa, èyí tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ kò gbọ́. Nígbà tí ogun Bọ́nọ́ gbóná, ìsọ̀ wọn jóná, wọ́n sì kó wá sọ́dọ̀ ìyá mi pẹ̀lú àpò aṣọ kan àti rédíò kékeré kan. Mi ò gbọ́ kí wọ́n ráhùn nípa ìsọ̀ náà rí. Bí ẹnikẹ́ni bá káàánú wọn, wọ́n á ní, "Abọ́ ló jóná. Èmi kò jóná."

Èmi ni mo mú wọn dé àgọ́. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn. Ní báǹkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Wuye, ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi wọ ẹgbẹ́ kan tó ń bá àwọn ará àgọ́ parí ìjà. Àǹtí Ladi ni olórí wa, obìnrin kan tó ń gbé Durumi, tí ohùn rẹ̀ máa ń há nígbà gbogbo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tán. Iṣẹ́ wa kò ju pé ká fi àwọn tó ń jà jókòó, ká jẹ́ kí oníkálùkù sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn kan jà nítorí ìlà ẹ̀rọ omi, àwọn kan nítorí ibi ìdáná, àwọn kan nítorí pé ọmọ ẹnìkan sọ òkò lu ọmọ ẹlòmíì. Haúsá là ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kò gbọ́ ju Kànúrí lọ. Àǹtí Ladi ní, "Ẹ bá mi wá ògbufọ̀ o, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yìí ń sọnù." Mo ní bàbá mi àgbà wà nílé.

Kò sí ẹni tó ń tètè múra bíi ti Bàbá. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago mẹ́wàá, aago mẹ́fà wọ́n ti wà ní pálọ̀, nínú jàlàbíà funfun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn lọ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọn ò ní kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n á kàn máa wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ikọ́ tí kò ṣe wọ́n. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya wọ̀yá ìjà kí n tó dé Wuye, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ara mi ń bẹ̀bẹ̀ fún oorun ni ikọ́ yẹn máa ń jí mi. Lọ́jọ́ kan mo fi ìbínú bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi lè pẹ́ bí àwọn èèyàn yòókù. Bàbá wò mí títí. "Ẹni tí ogun lé kúrò nílé ti dúró de ohun tó pọ̀," ni wọ́n wí. "Kó má tún dúró de èmi."

Nínú mọ́tò, wọn kì í gbọ́ Òyìnbó. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa o, ṣùgbọ́n tí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á gbé rédíò wọn sétí, wọ́n á yí i sókè. Èmi tí mo dàgbà sí Abuja, Yorùbá tí mo gbọ́ ju èyí tí mo lè sọ lọ nígbà náà. Ojú ọ̀nà àgọ́ ni mo ti kọ́ èyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tún un sọ lọ́nà tó tọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ohun tí mo ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe sí ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Ọwọ́ wọn kò lè gba ọ̀rọ̀ líle kí wọ́n má dẹ̀ ẹ́. Tí ìyá mi àti bàbá mi bá ń bínú síra wọn, Bàbá ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ìyá mi ní, "Ẹ sọ fún un pé mi ò dáná. Kó lọ jẹun níbi tó jókòó sí láti àná." Bàbá rìn dé iyàrá, wọ́n sì sọ fún bàbá mi pé, "Ìyàwó rẹ ní ó rẹ òun díẹ̀ lónìí." Bàbá mi jáde, ó lọ ra búrẹ́dì àti ẹyin wá fún gbogbo wa. Inú ìyá mi rọ̀. Ẹ̀rín ń pa mí. Bàbá rí mi, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n ní, "Mi ò purọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́."

Òwe kan wà tí kò sí ọjọ́ tí wọn kì í pa á: ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ní àgọ́, mo rí obì yẹn tó ń yọ lójú mi. Àwọn obìnrin méjì jà nítorí korobá. Ọ̀kan sọ ní Kànúrí pé ẹnu èkejì, tí kò gbọ́ ju Haúsá lọ, ń rùn bíi ṣáláńgá. Bàbá yíjú sí èkejì, wọ́n ní, "Ó ní ọ̀rọ̀ tí o sọ sí òun láàárọ̀ dun òun." Ìyẹn tẹrí ba, ó ní kó má bínú. Àǹtí Ladi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Bàbá jó. Nígbà tí Bàbá sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi nínú mọ́tò, mo rẹ́rìn-ín. Ta ni ọ̀rọ̀ ṣáláńgá yóò ṣe láǹfààní?

Ìyá mi kò fẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ìjà wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tán títí Bàbá fi kú. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹsẹ̀ yín ń wú. Ogun yẹn ti gba tiyín lọ, kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀?" Bàbá kò jiyàn rí. Wọ́n á ní, "Òótọ́ lo sọ," wọ́n á gba oògùn wọn, wọ́n á mu ún níwájú rẹ̀. Tó bá di Sátidé, ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀.

Nísinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ti Màmá Falmata.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àgọ́ fi igi fọ́ra wọn lórí nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a pe ìpàdé. Ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tí oúnjẹ tọ́ sí wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún, tó ń jẹ́ Isa, tí kò gbọ́ Kànúrí. Màmá Falmata dìde. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun àti ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ tó kú sógun fi sílẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé abẹ́ tapólì kan. Kò pariwo. Ó ń wo Isa, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní Kànúrí, ọ̀rọ̀ náà gùn. Èmi kò gbọ́ ọ; nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá nìkan ló gbọ́ Kànúrí àti Haúsá. Ohun tí mo rí ni pé tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Bàbá.

Nígbà tí obìnrin náà jókòó, Bàbá yíjú sí Isa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ní Haúsá pé, "Ó ní ọ̀nà tí ẹ ń gbà pín oúnjẹ kò tẹ́ òun lọ́rùn."

Isa mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, wọn yóò tún ìlà tò. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan fi fóònù ya wá ní fọ́tò.

Rédíò kò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò wa lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a dé ibi tí mọ́tò ti máa ń há, mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn gùn. Èyí tí ẹ sọ kúrú."

"Ọ̀rọ̀ gígùn ló ń dá ìjà sílẹ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn.

Mo lè tún bi wọ́n. Mi ò bi wọ́n. Ó rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ délé sùn. Mo ti ronú nípa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tèmi náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ju bí mo ṣe ronú nípa tiwọn lọ.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Òjò dé, ẹrẹ̀ gba àgọ́ kan. Màmá Falmata kò wá sí ìpàdé mọ́. Lẹ́yìn náà, ní Sátidé kan, obìnrin náà yọ láàárín òjò wínníwínní, pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀, Yagana, tó gbọ́ Haúsá. Iwájú àga Bàbá ni wọ́n dúró sí. Yagana kò kí ẹnikẹ́ni.

"Baba, ìyá ọkọ mi sọ lójú yín níbí pé Isa ní àfi tí mo bá wá sí yàrá òun ni òun yóò tó kọ orúkọ wa. Àwọn ará àgọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ohun tí ẹ wí lọ́jọ́ yẹn ni pé ìlà oúnjẹ kò dára. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo wo ojú Bàbá. Mo ń retí kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tútù kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Mi ò sọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù bà mí. Orí àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, èèyàn á kú."

Yagana tú ọ̀rọ̀ náà fún ìyá ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà sọ gbólóhùn kan péré. Yagana sọ ọ́ ní Haúsá: "Ó ní ó ti ń yà òun lẹ́nu pé òun sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo yín sì pàtẹ́wọ́."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù. Òun kò lọ sí yàrá náà, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé láti ìgbà yẹn. Àjẹkù ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n opó mìíràn wà tó ní ọmọ mẹ́rin, tí kò lè rí oúnjẹ lọ́nà mìíràn. Obìnrin yẹn lọ.

Bàbá fi ọwọ́ bo ojú wọn. Mi ò rí kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n ń sọ fún wa bí ìsọ̀ wọn ṣe jóná. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n ní kí Àǹtí Ladi pe gbogbo ìgbìmọ̀ àgọ́ wá. Àǹtí Ladi ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó ní kọ̀rọ̀, irú ọ̀rọ̀ báyìí ní bí a ṣe ń gbé e. Bàbá yíjú sí Yagana. "Tìrẹ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba, àbí ní kọ̀rọ̀?"

Yagana àti ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ní gbangba," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ opó kejì yẹn."

Àwọn èèyàn pé sábẹ́ àtíbàbà tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé. Bàbá, tó jẹ́ pé orí ìjókòó ni wọ́n ti máa ń tú ọ̀rọ̀, dìde dúró. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Kànúrí, kí Màmá Falmata lè gbọ́ bóyá ó pé. Obìnrin náà mi orí pé ó pé. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Haúsá, ọ̀rọ̀ kan lé èkejì, kò sí èyí tí wọ́n dẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí obìnrin yìí sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ohun tí èmi sọ fún yín yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kò sọnù fúnra rẹ̀. Èmi ni mo gbé e mì."

"Kai, tsoho! Arúgbó yìí, irọ́ lò ń pa!" Isa ti dìde. Ẹnìkan tì Bàbá láyà, fìlà wọn bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo sáré sí wọn. Mo rò pé ìjà tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ti dé. Ṣùgbọ́n obìnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀. Òmíràn dìde. Kò sí ẹni tó gbé igi. Ariwo ni, ẹkún ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú.

Èmi kò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára lẹ́yìn náà. Ìgbìmọ̀ gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ Isa. Àǹtí Ladi gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó yẹ, a ń lọ, a ń bọ̀, wọ́n ní ká wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí Isa fi kó kúrò ní àgọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a kò sì mọ ibi tó gbà. Orúkọ Màmá Falmata padà sínú ìwé. Opó tí a kò dárúkọ kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ títí dòní, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹgbẹ́ pinnu pé Bàbá kò ní ṣe ògbufọ̀ mọ́. Àǹtí Ladi ló wá sọ ọ́ fún wọn ní Nyanya, ó ti ń sunkún kó tó jókòó. Kò tíì dé àárín ọ̀rọ̀ tí Bàbá fi ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹni tí ẹ̀rù kò ní bà."

Mo rò pé Sátidé mi ti padà sọ́wọ́ mi. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ikọ́ ní pálọ̀.

Fún ọdún kan gbáko, Bàbá ń lọ sí àgọ́ láìsí iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń tẹ́ ẹní, wọ́n ń gbá abẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń to àga rọ́bà. Ọ̀dọ́bìnrin Kànúrí kan ló ń tú ọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Màmá Falmata bá ń kọjá, Bàbá á kí i ní èdè rẹ̀. Obìnrin náà kì í dáhùn. Á kàn máa lọ, bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́. Ó ń dùn mí. Ìtìjú ń bá mi pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, tí ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà kò gbà á, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Obìnrin yìí kò ní dárí jì yín."

Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ tì sára òpó. "Mi ò bá a ṣàdéhùn pé kó dárí jì mí," ni wọ́n wí. "Kíkí ni mo ń kí i."

Nílé náà, wọ́n jáwọ́ nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ìyá mi tún bínú sí bàbá mi, ó ní kí Bàbá lọ sọ báyìí báyìí fún un. Bàbá ní, "Lọ sọ ọ́ fúnra rẹ. Bí mo bá gbé e lọ, yóò yí padà lọ́nà." Àwọn òbí mi jà lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí mi ò ṣe rí i rí. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè sọ pé ilé wa dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ara wọn báyìí, òun gan-an ni wọ́n sọ.

Ẹsẹ̀ Bàbá kò dẹ́kun wíwú. Ọkàn ni, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Wọ́n kú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a sì sin wọ́n kí àwọn èèyàn tó kírun ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ, a ṣe fídáù níwájú ilé. Àwọn ẹbí wá láti Ìlọrin. Àáfà ń ṣàdúrà, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa Bàbá, gbogbo rẹ̀ dùn-ún gbọ́, orí sì ń fọ́ mi. Ìgbà náà ni mo rí Màmá Falmata àti Yagana lẹ́nu ọ̀nà, eruku ọ̀nà lára wọn. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n wọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá Falmata ti kọ́ Haúsá díẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Kò jókòó. Ó dúró síwájú gbogbo wa, ó sì sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, pẹ̀lú ohùn tó dúró ṣinṣin. Kò sí ẹni tó gbọ́ Haúsá nínú àwọn ará Ìlọrin. Ìyá mi gbọ́ ti ọjà, kò gbọ́ ju ìyẹn lọ. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Kí ló sọ? Ṣé àdúrà ló ń gbà fún wọn?"

Gbogbo èèyàn ń wò mí. Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, Mọ́mì," ni mo wí. "Ó ní Bàbá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, wọ́n sì gbé e mì, òun kò tíì dárí ìyẹn jì wọ́n. Ó ní ṣùgbọ́n wọ́n padà wá dúró níwájú gbogbo àgọ́, wọ́n ní àwọn làwọn ṣe é. Láti ọjọ́ tí ogun ti lé òun kúrò nílé, ó ní kò tíì sí ẹlòmíì tó ṣẹ̀ òun tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní nítorí ìyẹn ni òun fi wá."

Àáfà wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan pòṣé. Ìyá mi nu omijé ojú rẹ̀. Ó ń wo obìnrin náà, obìnrin náà sì ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi dìde, ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu eruku orí àga náà.

"Sọ fún un pé kó jókòó," ló wí fún mi. "Sọ fún un pé mo gbọ́."

Mo sọ fún un.